Ọmọ mi rò pé gbogbo ayé ló ń wo òun

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin, ọdún 14, kò fẹ́ lọ sílé ìwé tórí irorẹ́ kan ṣoṣo tó yọ níwájú orí ẹ̀, ó ní gbogbo kíláàsì ló máa máa wo òun. Ṣé ìgbéraga nìyẹn ni?

Èsì: Rárá o mà. David Elkind, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1967, ọmọ tó ń bàlágà máa ń rò pé ohun tó gba òun lọ́kàn náà ló gba gbogbo èèyàn lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ irorẹ́ tiwọn làwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ náà ń wò nínú dígí.

Èsì: Èrò àwọn ọmọ tó ń bàlágà tó ń bà mí lẹ́rù jù ni "ewu kò lè ṣẹlẹ̀ sí èmi", ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa wakọ̀ níwàkuwà.

Èsì: Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o mà, ìtìjú yẹn ń dùn ún gan-an. Ẹ kàn rọra bi í, irorẹ́ ta ló rántí pé òun rí lọ́sẹ̀ tó kọjá?