Ìdáhùn: ‘Ìrònú alárìíwísí’ kọ́ ni critical thinking

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá ‘ìrònú alárìíwísí’ láti pe critical thinking, ìyẹn kéèyàn yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa kó tó gbà á, ẹ má bínú sí àbúrò yín. Alárìíwísí lẹni tí wọ́n se ọbẹ̀ fún tó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, tí wọ́n dín iyọ̀ kù, tó tún ní ọbẹ̀ tẹ́. Òbí wo ló máa san owó kí ọmọ ẹ̀ lọ kọ́ ìyẹn níléèwé?

GST 212 ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì àti lọ́jíìkì tó jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Ohun tí mo sábà máa ń kọ́kọ́ kọ sójú pátákó ni: ‘Gbogbo ẹni tó mu àgbo yìí ni ibà rẹ̀ lọ, nítorí náà, àgbo yìí ń wo ibà.’ Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bú alágbo. Ẹ rí i, alárìíwísí nìyẹn! Díẹ̀ ló máa ń bèèrè pé: àwọn tí ò mu ún ńkọ́, ṣé ibà tiwọn ò lọ ni? Ìbéèrè yẹn gan-an ni à ń wá orúkọ fún.

‘Àròjinlẹ̀’ náà ò bá a mu. Ẹni tí gbèsè ò jẹ́ kó sùn lóru ń ronú jinlẹ̀, àmọ́ àròkàn ló ń rò.

Inú èdè Gíríìkì ni ‘critical’ ti wá, láti ara ‘krinein’: kéèyàn ya nǹkan sọ́tọ̀, kó sì dájọ́. Mo kọ́kọ́ ronú sí ajọ̀ tí a fi ń jọ̀ èlùbọ́, mo fẹ́ ṣẹ̀dá ‘àròjọ̀’. Àmọ́ ẹni tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ á kà á bí ẹni pé ìgbìmọ̀ ló ń ronú pọ̀. Mo jù ú nù.

‘Lámèyítọ́’, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń ṣàtúpalẹ̀ iṣẹ́ òǹkọ̀wé, sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ ti mọ èyí tó tọ́. Ọmọ kíláàsì mi ò tíì mọ̀ ọ́n, ó ṣì ń wá a ni.

‘Ìrònú àgbéyẹ̀wò’ ni tèmi. Ẹ wo bí a ṣe ń ra iṣu: a gbé e, a yí i, a tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti rà. Ẹni tó bá ní evaluation ni àgbéyẹ̀wò, ṣebí àwọn tíṣà ti ní ‘ìgbéléwọ̀n’ fún ìyẹn.

‘Argument’ ló kù tó ń dà mí láàmú, ìyẹn àwọn ìdí téèyàn tò kalẹ̀ láti fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Tí mo bá ti pè é ní àríyànjiyàn, wọ́n á ká ọwọ́ aṣọ sókè. ‘Àwíjàre’ ńkọ́? Ẹ bá mi dá sí i.