Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn yẹ ilé àtijọ́ wò nítorí ìmìtìtì ilẹ̀, ẹ sọ tiyín

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àwọn ẹnjiníà kan pè mí sí ilé àgùdà kan (irú èyí tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́) ní Pópó Àgùdà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, bíríkì tí wọ́n fi ẹfun (lime) tò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n họ ara ògiri síbi mélòó kan kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Àwọn gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n sí ìsàlẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sókè. Òru la ṣe é, torí lọ́sàn-án, dánfó àti jẹnẹrétọ̀ kò ní jẹ́ kó gbọ́ nǹkan gidi.

Mo ní ṣé Èkó yìí náà ni ilẹ̀ ti fẹ́ mì? Ọ̀kan nínú wọn sọ ti Mexico fún mi. Lọ́dún 1985, etí òkun ni ilẹ̀ ti mì, ó jìnnà sí Mexico City tó 350 kìlómítà, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Orí adágún tó ti gbẹ ni ìlú náà wà, amọ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ilé alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fara gbá jù. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tó kúrú, tí ògiri rẹ̀ nípọn, dúró. Ilẹ̀ ní bó ṣe ń mì, ilé náà ní tirẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ilé á túbọ̀ máa mì, ó sì lè wó. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wá nìyẹn. Yanrìn àti amọ̀ rírọ̀ ló wà lábẹ́ Erékùṣù Èkó náà, omi kò sì jìnnà sójú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ògiri ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé ẹfun lórí. Omi tó ń fà bọ̀ láti ìpìlẹ̀ kò rí ibi jáde. Bíríkì inú ti kú, ìka lásán ni mo fi ń gbẹ́ ẹ. Igi àjà kàn jókòó lórí ògiri ni, kò sí irin tó dè wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ bá mì níwọ̀nba, ògiri iwájú lè ṣubú sójú títì, kí àjà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin bíríkìlà ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé ẹfun mọ́.

Ọmọ Campos:
Ẹ̀gbọ́n, katapílà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ilójò Bar, ilé 1855, wà lára ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Mo lọ síbẹ̀, mo sunkún.

Màmá Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà lóṣù Keje 1984 nígbà tí ilẹ̀ mì. Àwo ń lu ara wọn, a sáré bọ́ síta, kò sì pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ilé kò wó, ògiri yàrá bàbá mi ló lanu. Bàbá sọ lọ́jọ́ náà pé èyí tó wó ilé ní Accra ní 1939, wọ́n mọ̀ ọ́n lára l'Ékòó. Ṣé irú ọ̀rọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn?

Bíríkìlà Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ó wúlò gan-an, mà. Wọ́n bi àwọn àgbà àdúgbò wa bẹ́ẹ̀: kí ló mì, kí ló jábọ́, ṣé ẹni tó ń sùn jí? Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ìmìtìtì ayé ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹ bá mi rántí, mà: ògiri tó lanu yẹn, ṣé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àbí igun ilé?