Lórí "àwòrán alààyè": eré àfọwọ́yà ni mo fara mọ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná, ẹ kú làákàyè o. Mo ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dábàá fún animation, ìyẹn eré kàtúùnù, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, pé ká máa pè é ní "àwòrán alààyè", mo sì rí i pé àwọn èèyàn ti ń gbè yín lẹ́yìn. Ẹ má bínú, èmi ò lè gbà á. Tí màmá mi bá gbọ́ àwòrán alààyè, fọ́tò ẹni tí ò tíì kú ló máa wá sí wọn lọ́kàn. "Àwòrán arìn" tí àbúrò wa mú wá náà ò yanjú ẹ̀, ṣebí fídíò ìgbéyàwó náà ń rìn.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ojú òǹwòran ni wọ́n fi wo nǹkan yìí, wọn ò wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ayàwòrán kan wà tí mo mọ̀ ní Kúbwà níbí, ẹ wá wò ó nídìí àpótí tó níná nínú, tó to bébà lé bébà kó lè máa rí àwòrán ìsàlẹ̀ bó ṣe ń ya tòkè, fíìmù sì máa ń lo àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ńdù kan, ọ̀pọ̀ ayàwòrán a máa jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún méjì, ó di 12 nìyẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣírò 12 yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré, 720 ni. Ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀! Ọwọ́ náà ni Moustapha Alassane ará orílẹ̀-èdè Niger tó múlé ti Nàìjíríà lápá òkè fi ya eré àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀ ní 1966.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká pè é ní "eré àfọwọ́yà". Kàtúùnù ti wà lẹ́nu wa, kó máa wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn náà ń jẹ́ kàtúùnù. Ẹni tó ń yà lórí táblẹ́ẹ̀tì ṣì ń fọwọ́ yà, ìyẹn ò yọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni "àwòrán àárín" fún in-between. A ti jọ gbà pé àwọn àwòrán tó di ìṣe mú, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà, òpó ni ká máa pè wọ́n. Ó dáa. In-between wá ni àwọn tí wọ́n ń yà lẹ́yìn náà láti kún àlàfo òpó kan sí èkejì. Ẹ wá wo alhájì kan nínú babanríga, tí wọ́n pè lẹ́yìn lójijì ní ọjà Wúsè tó sì yí padà. Òpó kan, ó kọjú síbí, òpó kejì, ó kọjú sọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá pín ibi tó wà láàárín wọn ní ọgbọọgba, á kàn máa yí bíi fáànù ni. Ara alhájì á ti dúró, aṣọ á ṣì máa lọ, apá babanríga yẹn á kọjá ibi tí ara dúró sí kó tó rọ̀ padà wálẹ̀. Ibi tí ayàwòrán bá fẹ́ kó falẹ̀, á to àwòrán súnmọ́ra, wọ́n á fara ti òpó pẹ́kípẹ́kí, ibi tó bá fẹ́ kó yá, á jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. Àárín wo ló wá wà níbẹ̀? "Ìsopọ̀" ni mo dábàá, àwòrán ìsopọ̀, torí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń so òpó kan mọ́ èkejì, ayàwòrán ló sì máa pinnu ibi tó máa wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì lórí ìsopọ̀ yìí kó tó di pé wọ́n fi àwòrán àárín sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.