Wẹ́dà tuntun ní Sheffield: ṣé ìbòmú bébà tó fún sítéènlẹ́ẹ̀sì?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbí, a ń ṣe táńkì àti irin ọwọ́ àtẹ̀gùn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń jó irin, àmọ́ irin dúdú ni mo mọ̀. Tibí, sítéènlẹ́ẹ̀sì ni gbogbo rẹ̀. Ìbòmú bébà ni ọ̀gá fún mi. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, ọ̀fun ń ta mí.

Bàbá Rotherham: Àbúrò, kò tó rárá. Kromíọ́mù, irin kan tí wọ́n ń yọ́ mọ́ sítéènlẹ́ẹ̀sì, ni kì í jẹ́ kí ó dógùn-ún. Ó kéré tán, 10.5 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ìlú tí o wà yẹn gan-an ni Harry Brearley ti yọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1913, irin ìbọn tí kò ní tètè jẹ ló ń wá. Nínú irin, kò léwu. Ó máa ń bo ojú irin bí awọ tín-ín-rín, bí o bá ha á, awọ náà á tún hù. Àmọ́ tí iná wẹ́dà bá kàn án, irú kromíọ́mù mìíràn a wà nínú èéfín, òun là ń pè ní chrome six. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń fà. Láti 2019 ni HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ní Bírítéènì, ti sọ ọ́ pé fèrèsé ṣíṣí kò tó nínú ilé: ẹ̀rọ tó ń fa èéfín níbi tí o ti ń jó o gan-an ló yẹ kó wà. Tí ìyẹn kò bá fa gbogbo rẹ̀ tán, ìbòmú gidi, kí wọ́n wọ̀n ọ́n sójú rẹ, kí wọ́n rí i pé kò jò. Owó ọ̀gá ni, kì í ṣe tìrẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield: Ẹ ṣeun sà. Irùngbọ̀n mi ńkọ́? N kò fẹ́ fá a.

Bàbá Rotherham: Ìbòmú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú kò bá irùngbọ̀n ṣe, á máa jò. Béèrè àṣíborí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sí ọ lójú. Ó wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi dárúkọ ẹ̀ fún ọ.

Bíríkìlà Peckham: Kì í ṣe wẹ́dà nìkan o. Sìmẹ́ǹtì náà ní chrome six nínú. Ọwọ́ mi ń yún, ó ń là. Ìyá mi nílé ní ayé ló ń ṣe mí, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ló lẹ nǹkan mọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n fi mọ̀: ara mi ti kọ kromíọ́mù, kò sì ní gbà á mọ́ láé. Ẹ wò ó, mo kúrò nídìí sìmẹ́ǹtì, bàtà aláwọ tún gbé e dé! Kromíọ́mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ. Láti 2005, òfin ní kí chrome six inú sìmẹ́ǹtì má ju 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ, àmọ́ oògùn tí wọ́n fi ń pa á máa ń kú tó bá pẹ́. Ẹ wo déètì lára àpò.

Ìyá Ìbejì, Owings Mills: Háà! Ẹ̀yìn ilé wa níbí ní Maryland, Amẹ́ríkà, ni Soldiers Delight, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa òkúta kromíọ́mù láyé Isaac Tyson tó ni ibi ìwakùsà náà. Láàárín 1828 sí 1850, agbègbè Baltimore ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù tí ayé ń lò. Gúúsù Áfíríkà ló gbapò báyìí. Ṣé kí n kó ìkòkò sítéènlẹ́ẹ̀sì mi dànù ni?

Bàbá Rotherham: Ẹ máa se ọbẹ̀ yín, mà. 18/10 tó wà nídìí rẹ̀, kromíọ́mù 18, níkẹ́ẹ̀lì 10 ni. Tí òòfà bá sì lẹ̀ mọ́ ìkòkò mìíràn, kì í ṣe ayédèrú, ó sábà máa ń jẹ́ pé níkẹ́ẹ̀lì ni kò sí níbẹ̀. Èyí tí òòfà lẹ̀ mọ́ nídìí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ lórí sítóòfù induction, èyí tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Sheffield: Ọ̀la ni màá bá ọ̀gá sọ ọ́.

Bàbá Rotherham: Íméèlì ni kí o fi ránṣẹ́ o, má fẹnu sọ ọ́ lásán. Kí o sì sọ fún GP, dókítà àdúgbò rẹ, pé sítéènlẹ́ẹ̀sì lo ń jó.