Pongala ti tẹ́ḿpìlì Attukal: kí ló ń fọ́ ìkòkò, ṣé dandan ni kó hó dànù?

Tíṣà Ìsánlú:
Ẹ̀yin ará ilé, ọkun o. Ọjọ́ àṣà ilé ìwé wa ń bọ̀. Attukal Pongala ni kíláàsì mi fẹ́ fi hàn, ìrẹsì tí àwọn obìnrin ń sè fún òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Attukal Amma ní Thiruvananthapuram, ní Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìkòkò amọ̀ tuntun méjì ti là lórí iná kí omi tó hó. Kí ló fà á? Báwo ni ìwọ̀n ìrẹsì àti ṣúgà ṣe ń rí? Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fẹ́ kó hó dànù?

Ará Kàbà:
Tíṣà, ọkun. Òótọ́ ni. Àwa ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ti Attukal, bíríkì mẹ́ta náà ni wọ́n fi ń ṣe ààrò, ṣùgbọ́n àfi kó dà. Híhó kún dànù gan-an ni ìtumọ̀ pongala. Ìgbà tó bá ru kọjá ẹnu ìkòkò ni wọ́n tó ń yọ̀ pé Amma gbà á. Nítorí náà ẹ má bu omi ìdajì. Kó ku bí ìka mẹ́ta sí ẹnu.

Ìkòkò yín kò tíì mu omi ni. Iná ńlá tètè ń mú ìdí ìkòkò gbígbẹ fẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ tó kù ṣì tutù, ibẹ̀ ló ti ń là. Ẹ rì í sínú omi láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi sí i, kí ẹ fi iná kékeré gbóná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá fá, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, torí omi tútù á tún là á. Lọ́jà, ẹ fi ìka kàn án kí ẹ tó sanwó: èyí tó dún goro ni kí ẹ mú.

Ọmọ Ìjùmú:
Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó pa á, irú tó kún ọjà wa, kò dára fún un. Kóró rẹ̀ kì í fọ́, kò sì ní ki. Ìrẹsì tùwó ló sún mọ́ tiwọn. Agolo mílíìkì méjì ìrẹsì, omi agolo mẹ́wàá, agbọn kan tí ẹ rin, ṣíbí ńlá mẹ́ta bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́. Ṣúgà wọn ni ṣúgà ìrèké dúdú tí àwọn Haúsá ń pè ní mazarkwaila. Agolo méjì àbọ̀ tí ẹ gún tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ yọ́ ọ, kí ẹ sẹ́ ẹ, nítorí iyanrìn máa ń wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n ń da ṣúgà sí i kí ìrẹsì tó rọ̀. Ṣúgà á gba omi mọ́ ìrẹsì lọ́wọ́, àárín kóró á le síbẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì jó. Ẹ tẹ kóró kan láàárín ìka méjì; bó bá fọ́ pátápátá, ó tó àkókò. Agbọn àti bọ́tà ló kẹ́yìn.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀yin méjèèjì fo ọ̀rọ̀ iná, òun sì ni orí ayẹyẹ náà. Kì í ṣe pé oníkálukú ń ṣáná tirẹ̀. Àwòrò àgbà ló ń gbé iná jáde láti ibi mímọ́ tẹ́ḿpìlì, wọ́n á fi tan ààrò ńlá tó wà níwájú, láti ibẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ààrò dé ààrò, títí dé òpópónà tó jìnnà. Ní 2009, mílíọ̀nù 2.5 obìnrin ni Guinness, ìwé tó ń kọ ohun tó ta yọ lágbàáyé, kọ sílẹ̀ pé ó péjọ.

Oṣù Kumbham ni, láàárín oṣù kejì sí ìkẹta tiwa. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọdún náà, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń dáná. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọrin ìtàn Kannagi, ẹni tí wọ́n gbà pé òun ni Attukal Amma, obìnrin tí ọba ilẹ̀ Pandya pa ọkọ rẹ̀, Kovalan, lórí ẹ̀sùn olè ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ayaba, láìwádìí. Bí orin bá dé ibi tí wọ́n ti pa ọba náà ni iná ń tàn. Obìnrin nìkan ló ń sè é. Ẹni tó bá mọ Ofosi, ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin nílẹ̀ wa, ìyẹn kò ní yà á lẹ́nu.

Tíṣà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má tọ́ ọ wò. Ní Attukal, àwọn àwòrò á wá wọ́n omi mímọ́ sí ìkòkò lọ́sàn-án kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ní 2021, nígbà kòrónà, ilé ni àwọn obìnrin ti sè é, nítorí náà sísè rẹ̀ jìnnà sí tẹ́ḿpìlì kì í ṣe àbùkù. Àmọ́ ẹ pè é ní àfihàn, ẹ má pè é ní ẹbọ.

Ọmọ Ìjùmú:
Ìyá, ẹ ṣeun, iná ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ṣe ààrò o, ó lè bẹ́ nínú iná. Bíríkì amọ̀ sísun ni tiwọn, ìjọba ìlú náà sì ń kó o jọ lẹ́yìn ọdún, wọ́n ń fi kọ́lé fún aláìní.

Tíṣà Ìsánlú:
Mo gbọ́. Ìkòkò kẹta ti wà nínú omi. Ìrẹsì tùwó ló kù kí n wá.