Fèrèsé bay (tó yọ síta pẹ̀lú igun) àbí bow (tó yọ síta, tó tẹ̀ bí ọrun) fún ilé ọdún 1930 wa ní Lọ́ńdọ̀nù: èwo ni ká mú, kí la sì máa bi àwọn tó fẹ́ gbé e sí i?

Ìyá Tẹniọlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Semi-detached (ilé méjì tó pín ògiri kan) ni ilé wa, láàárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Fèrèsé tó yọ síta wà ní pálọ̀, òmíràn sì jókòó lé e lórí gan-an ní yàrá òkè. Ojú mẹ́ta ni ti ìsàlẹ̀ ní: ọ̀kan tó fẹ̀ láàárín, méjì tó dagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igi ni férémù, ó ti jẹrà nídìí, bí òtútù bá sì dé, omi á máa ṣàn lára gíláàsì títí kọ́tìnì á fi rin. Láti ilẹ̀ pálọ̀ dé ibi tí gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 650 mm.

Ilé iṣẹ́ méjì ti wá wò ó. Èkínní ní ká fi bay uPVC (férémù oníke líle) ojú mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Èkejì ní bow ojú márùn-ún ló rẹwà jù, iye owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Kò sí èyí tó sọ ohun tó máa gbé yàrá òkè dúró bí wọ́n bá yọ ti ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa bi wọ́n ká tó fọwọ́ síwèé?

Kọ́lékọ́lé

Ẹ kú ilé, mà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kádìí ló yẹ kó ṣíwájú. Nínú irú ilé yẹn, òpó igi tó wà ní igun méjèèjì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ló ru fèrèsé òkè, ògiri pẹlẹbẹ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, àti òrùlé kékeré tó bò wọ́n. Ẹ má fi wé ti Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti da kọnkéré sókè sísàlẹ̀, tí aluminium kàn ń dí àlàfo. uPVC kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yọ igi tí wọn ò fi irin síbẹ̀, òkè á máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: fèrèsé á máa há tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, pílásítà á sán lókè igun, omi á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ohun tó ń rọ́pò òpó igi ni bay pole, ọ̀pá irin tàbí aluminium tó ní skúrù ńlá tí wọ́n fi ń jáàkì rẹ̀ sókè. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bíríkì, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lábẹ́ rẹ̀ tó máa pín ẹrù náà. Kò gbọdọ̀ jókòó sórí pẹpẹ uPVC tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé. Ṣe ni wọ́n máa ń gé pẹpẹ náà kí ọ̀pá lè gba ibẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kan igi tó ru òkè.

Kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, kí wọ́n fi acrow prop (òpó irin tí wọ́n fi ń gbé ilé dúró fúngbà díẹ̀) gbé òkè, pẹ̀lú pákó tó nípọn lórí àti lábẹ́ prop, kí ìdí rẹ̀ sì wà lórí joist (igi tó ru pákó ilẹ̀), kì í ṣe lórí pákó ilẹ̀ lásán. Lẹ́yìn náà ni gíláàsì á jáde, kí férémù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á gbé ọ̀pá dúró, wọ́n á jáàkì rẹ̀ títí ẹrù á fi bọ́ sí i lára, nígbà náà ni wọ́n tó lè yọ prop. Kí wọ́n má jáàkì jù. Ilé tó ti jókòó tipẹ́, bí wọ́n bá ní àwọn ń gbé e padà sókè, pílásítà yàrá òkè ni á kọ́kọ́ ya. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú ìsàlẹ̀ àti òkè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti bay àbí bow, bíríkì tó wà lábẹ́ fèrèsé yín ti yàn fún yín. Igun méjì ló ní. Bow ojú márùn-ún ní ìsopọ̀ mẹ́rin, ó sì ń tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹ bá gbé e lé ògiri onígun, igun bíríkì á yọ síta, ọ̀pá kò sì ní bọ́ síbi tí ẹrù wà. Ilé tí ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ látilẹ̀ ni bow yẹ. Ẹ mú bay.

Àgbà Férémù

Ìwọ̀n ni iṣẹ́ bay ti sábà máa ń bàjẹ́. Fèrèsé tó tẹ́ rọrùn: ẹ wọ̀n ìbú rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ẹ mú èyí tó kéré jù, ẹ yọ 10 mm. Ní ti bay, igun ló ṣe kókó. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kàn kọ 135 degree sílẹ̀. Igun ọ̀tún lè jẹ́ 133, kí ti òsì jẹ́ 137. Ìyàtọ̀ degree 2 lórí ojú ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ ní 700 mm á gbé etí rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 24 mm, fóòmù kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Kí wọ́n gbé páálí tó le sórí bíríkì, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà ojú ìta bíríkì sí i lára, kí wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gé férémù.

Àlàfo nǹkan bí 5 mm gbọ́dọ̀ wà níbi tí férémù ti kan ògiri, torí uPVC máa ń fẹ̀ nínú oòrùn. Skúrù àkọ́kọ́ á wà ní 150 sí 250 mm sí igun férémù, àwọn tó kù kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju 600 mm lọ. Ibi tí pẹpẹ ti pàdé ní igun ni omi ti ń wọlé jù: inú ìpàdé náà ni sílíkóònù ti gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó so ó pọ̀. Èyí tí wọ́n fà sójú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í pẹ́ ṣí.

Ìyá Tẹniọlá

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé iṣẹ́ kejì tún ní a ò nílò ihò afẹ́fẹ́ lórí férémù, torí férémù àtijọ́ kò ní in. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Eltham

Rárá, mà. Láti June 2022, òfin England ni pé fèrèsé tuntun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ilé burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Férémù onígi tó ti gbẹ máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé. uPVC á dí gbogbo rẹ̀, omi tí ẹ ń rí lára gíláàsì á wá bọ́ sára ògiri, ògiri á sì bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ káàkiri ilé, ẹ ní kí wọ́n fi trickle vent (ihò afẹ́fẹ́ tí ẹ ń béèrè yẹn) tó tó 8,000 mm² sí pálọ̀, kí ti yàrá òkè náà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo 650 mm yín yẹn. Gíláàsì tí ìdí rẹ̀ kò ga tó 800 mm sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ toughened (tí wọ́n fi ooru mú le) tàbí laminated (alápapọ̀, tí kì í tú ká bó bá fọ́). Ẹ wá àmì rẹ̀ ní igun gíláàsì kí wọ́n tó lọ. U-value fèrèsé náà (ìwọ̀n bí ooru ṣe ń gba ara rẹ̀ jáde) kò gbọdọ̀ ju 1.4 lọ, tàbí kó jẹ́ Band B ó kéré tán nínú ìpele tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí fèrèsé ṣe ń pa ooru mọ́. Kí ẹni tó ń ṣe é wà lábẹ́ FENSA tàbí CERTASS (ètò tó ń jẹ́ kí onífèrèsé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé iṣẹ́ bá òfin mu), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ gba àyè lọ́dọ̀ Building Control, ẹ̀ka káńsù tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, lọ́yà ẹni tó ń rà á á béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Bí àdúgbò yín bá wà nínú conservation area (ibi tí òfin ń dáàbò bo ìrísí àwọn ilé), ẹ bi káńsù kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀.

Kọ́lékọ́lé

Ohun kan ló kù. Ògiri pẹlẹbẹ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi táìlì kọ́ síta, igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti pílásítà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ń dí òtútù. Òrùlé kékeré náà rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ti insulation sí i kí wọ́n tó dí i padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú iye bay pole tí wọ́n máa lò.