Iṣẹ́ ọ́fíìsì ti gba gbogbo àyè mi: ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tó wà ní Ìlú Ọba, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìfowópamọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó ń wọlé, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí n bá fi délé, oorun ló kù. Ọ̀gá a tún máa fi ímeèlì ránṣẹ́ ní Sátidé. Ìdí ìkòkò aró màmá mi ni mo dàgbà sí. Ní báyìí, mi ò ní ohunkóhun tí mò ń ṣe fún ìdùnnú ara mi.

Ẹ̀gbọ́n Ọjà Ọba, Lọ́ndọ̀nù
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Wá ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ, kí o kà á dáadáa. Òfin àkókò iṣẹ́ ti ọdún 1998 níbí (Working Time Regulations) ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, tí a bá ro wákàtí ọ̀sẹ̀ 17 pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi ìwé kan sáàárín pé o gbà láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ti fọwọ́ sí i, o ṣì lè fagi lé e: kọ lẹ́tà, fún wọn ní ọjọ́ 7, àfi tí àdéhùn bá sọ pé kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 3 lọ. Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọ́ nítorí rẹ̀.

Láti oṣù Kẹrin 2024, ọjọ́ tí o bá wọṣẹ́ gan-an lo ti lè béèrè pé kí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ rẹ padà. Wọ́n ní láti fèsì láàárín oṣù 2. Má kọ ọ́ pé ó rẹ̀ ọ́ o. Dárúkọ ọjọ́, dárúkọ aago, kí o sì sọ ìgbà tí wàá san wákàtí náà padà.

Àǹtí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Birmingham
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àmọ́ tí àbúrò wa bá gba àyè náà tí kò fi nǹkan sí i, iṣẹ́ á tún padà gbà á ni. Ọmọ ìlú aró ni ọ́, padà sídìí aró! Èmi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo máa ń ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù (alum) díẹ̀ di ẹ̀kọ, màá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sáṣọ, tó bá gbẹ, ó di inú aró. Omi tútù ni o, torí omi gbígbóná á yọ ẹ̀kọ náà dànù. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di aró lójú rẹ. Ọwọ́ tó wà nínú aró ò lè tẹ fóònù, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn níbẹ̀.

Tètè béèrè ìsinmi oṣù Kẹjọ pẹ̀lú, kí o lè bá wa dé ọdún Ọ̀ṣun. Tí o bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ 2, ìfilọ̀ ọ̀sẹ̀ 4 lòfin ní kí o ṣe, ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ni kí o ti kọ ọ́, kí àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí ìsinmi tó gba ọjọ́ náà tán.

Ọmọ Òkè-Fìà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́rú ni màá béèrè, kí n kúrò láago mẹ́rin. Àǹtí, inú fúláàtì ni mò ń gbé, ṣé òórùn aró ò ní bá aládùúgbò jà?

Àǹtí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Báálíkónì ni kí o gbé e sí, nínú ike tó ní ìdérí. Ìyẹ̀fun elú ni kí o rà, má ṣèyọnu ewé.